Ọ̀rọ̀ Tó Há sí Ọ̀fun Harwick

Ohun tó kọ́kọ́ ya Qúdrát lẹ́nu nínú ilé Màmá Anna ni pé wọn kì í pe ènìyàn wá jẹun níbẹ̀.

Ilé onípákó funfun ni, ní Cheverly, ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ àwọn igi ńláńlá tó ti gbó, kò jìnnà sí ibi tí ọsibítù wà tẹ́lẹ̀. Qúdrát, ọmọ Ìsẹ́yìn, ló ń tọ́jú arúgbó náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ti tọ́jú òyìnbó púpọ̀ ṣáájú rẹ̀, ó mọ ahun, ó sì mọ ọ̀làwọ́. Màmá Anna kì í ṣe ahun. Aṣọ ni, bàtà ni, ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa ń fún ènìyàn. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀sán nìkan ló yàtọ̀. Bí oòrùn bá ti fẹ́ kan àtàrí, á ní kí Qúdrát ti ilẹ̀kùn yàrá ìjẹun, á fẹ̀yìn ti ògiri, á máa jẹun láìsọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á sì wà lára àga kan tó kọjú sí i, tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé.

Nígbà tí Qúdrát ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, ó gbé ìrẹsì tirẹ̀ jókòó, ó sì ní kí màmá wá jẹun, bí gbogbo ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe máa ń ṣe. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ arúgbó náà.

"Má tún sọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí mọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Jẹ tìẹ, kí n jẹ tèmi."

Qúdrát sọ ọ́ fún Ìdrís, ọkọ rẹ̀, nílé wọn ní Temple Hills. Ìdrís, tó ń wa bọ́ọ̀sì, rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Òyìnbó yẹn ti já wa. Ta ni kò mọ̀ pé bí Yorùbá bá ní ẹ wá jẹun, àdúrà kí onítọ̀hún má wá ló ń gbà?" Àwọn méjèèjì fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣì wà tí Qúdrát kò sọ. Abẹ́ àga tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé yẹn, rọ́ọ̀gì ibẹ̀ máa ń tutù. Wọ́n ti pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, kò rí ibi tí omi ti ń jò.

Ìdílé Harwick ni màmá náà, òun ló sì kù nínú wọn, àfi ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ kan tó ń gbé ní Boston. Baba ńlá wọn, Gideon Harwick, ni ọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe aṣojú rẹ̀ láàárín àwọn Iroquois, nígbà tí Amẹ́ríkà kò tíì di Amẹ́ríkà. Àwọn Iroquois yìí ló ni apá òkè New York. Ará Ilé Gígùn ni wọ́n ń pe ara wọn. Harwick gbé láàárín wọn, ó gbọ́ èdè wọn, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ìwé rẹ̀ kún inú àpótí onígi kan tó wà nínú yàrá màmá. Ilé ìkàwé ńlá kan fẹ́ gbà wọ́n, màmá sì ń kọ ìtàn ayé baba ńlá rẹ̀ sínú ìwé tí yóò tẹ̀ lé wọn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń ka díẹ̀ létí Qúdrát: bí Harwick ṣe jẹ́ ọ̀rẹ́ àwọn onílẹ̀, bí wọ́n ṣe fi ìfẹ́ ta á lọ́rẹ ilẹ̀ etí odò, bí ó ṣe jíṣẹ́ wọn fún ọba láìkù síbì kan. Bí ó bá ń kà á, ojú rẹ̀ á máa dán. Ìgbéraga wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbéraga arúgbó ni, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Bí Qúdrát ṣe rò nìyẹn.

Ìgbà ooru dé, ilé ìwé gba ìsinmi, Qúdrát sì ń mú ọmọ rẹ̀ Humaira dání lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ máa ń gba imú jáde bíi ti òyìnbó, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn tí Ọlọ́hun fún un! Bí ó bá ń ké Àlùkùránì, àwọn àgbààgbà mọ́sáláṣí máa ń fi ọwọ́ nu ojú. Wólímọ́tì ìparí Àlùkùránì rẹ̀ ti sún mọ́, gbogbo jámọ́à ló ń retí rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti ra aṣọ funfun tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ibí yìí ni kí mùmíní ti gbọ́ mi dáadáa, torí ohun kékeré ni ṣèètánì ń gbà wọlé.

Lọ́jọ́ kan, orí ń fọ́ màmá, ó sì ti sùn lọ nínú yàrá rẹ̀. Nítorí náà Qúdrát kò ti ilẹ̀kùn yàrá ìjẹun. Ó ti fọ aṣọ, ó ti nu ilẹ̀, ebi ń pa á gidigidi. Ó gbé mọ́ínmọ́ín tó sè wá láti ilé jáde, ó bu tirẹ̀, ó bu ti ọmọ, ó sì ti kó òkèlè àkọ́kọ́ sẹ́nu kí ó tó rántí pé òun kò ṣe Bísímílà. Ó fẹ́ ṣe é báyìí ni ó gbójú sókè, tó rí ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà.

Ọkùnrin náà ga. Kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀ tó nípọn ló wọ̀ nínú ooru yẹn, ó di irun rẹ̀ sẹ́yìn ọrùn. Qúdrát kò bẹ̀rù. Màmá ti sọ pé ọmọ àbúrò bàbá òun ń bọ̀ wá wo àwọn ìwé, àwọn òyìnbó kan sì wà tí wọ́n máa ń múra bí ará àtijọ́ láti fi ṣeré ìtàn. Ojú kàn tì í ni, torí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀, àlejò sì wà ní ìdúró. Ẹnu rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n ti fi kọ́ ọ láti kékeré.

"Ẹ wá jẹun."

Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Humaira náà yọ́ kúnlẹ̀ díẹ̀ lórí àga rẹ̀, ó ní, "Ẹ wá jẹun, sà."

Ẹni tí a bá pè bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó ní ó gba ibi ire, kó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọkùnrin yìí kò dáhùn. Ó wọlé. Ní gbogbo ìṣísẹ̀ rẹ̀, omi ń fún jáde lára bàtà rẹ̀, ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀, òjò kò sì tíì rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ó fa àga yẹn, ó jókòó. Òórùn ẹrẹ̀ odò gba yàrá kan, òtútù sì mú Qúdrát lápá bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì.

Ó fi ọwọ́ bu mọ́ínmọ́ín, ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́, kò lọ. Ó ń run ún lẹ́nu ṣáá, ojú rẹ̀ ń ṣomi, ó sì fi ìka méjì kan gògóńgò ara rẹ̀, ó wo Humaira bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Àánú ṣe ọmọ. Ó gbé ife omi tirẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà gbé e sẹ́nu, omi náà ṣàn padà sínú ife láti ètè rẹ̀. Ó dá ife padà, ó wọ́ ọ sọ́dọ̀ ọmọ, ọmọ tí kò mọ̀kan sì mu nínú rẹ̀.

Nígbà náà ni màmá pariwo nínú yàrá. Qúdrát sáré lọ. Arúgbó náà ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Mo gbọ́ bàtà rẹ̀," ló wí. "Ta ló pè é?"

Qúdrát padà, kò bá ẹnikẹ́ni lórí àga. Omi ló wà níbẹ̀. Mọ́ínmọ́ín tí wọ́n ti run wà lẹ́bàá àwo, kò dín, kò kún. Humaira jókòó síbi tó wà, ẹnu rẹ̀ là, ìka rẹ̀ méjì wà lórí gògóńgò, ní ibi tí ọkùnrin náà fi tirẹ̀ sí gẹ́lẹ́. Ìyá rẹ̀ pè é. Ètè rẹ̀ mì, ohùn kò jáde.

Ohùn náà kò sì jáde mọ́. Àwọn dókítà fi iná wo ọ̀fun rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n bi Qúdrát bóyá nǹkan dẹ́rù ba ọmọ nílé. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ń wí. Lẹ́yìn ohùn ni oúnjẹ. Ẹ̀kọ kò lọ, ọbẹ̀ kò lọ. Omi ni wọ́n ń kán sí i lẹ́nu. Ọmọ náà ń rù. Èyí tí Qúdrát kò lè sọ fún dókítà ni ti ìbọ̀sẹ̀. Ní ojoojúmọ́, bí ó bá ti kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Àílà ọ̀sán, ìbọ̀sẹ̀ Humaira á tutù rinrin lórí ibùsùn tó gbẹ. Ìyá rẹ̀ á bọ́ ọ, á fún un, omi odò á kán sílẹ̀.

Ìdrís kò fi nǹkan kan ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ Àáfà Abdulqoyyum ní Oxon Hill, ẹni tó kọ́ ọ ní kéú. Àáfà ké Àlùkùránì sí i lára títí òógùn fi bò ó. Ọmọ náà ń fi ètè tẹ̀ lé kíkà náà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Àáfà pa ìwé dé.

"Òkú kì í padà wá jẹ mọ́ínmọ́ín, Ìyá Humaira," ló wí níkẹyìn. "Ẹni tó bá ti kú ti wà níwájú Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù wa ló ní ànjọ̀nú kan tó ń bá a rìn láti ọjọ́ ìbí. Bí onítọ̀hún bá kú, alábàárìn yẹn á ṣẹ́ kù, gbogbo ohun tí olówó rẹ̀ sì fi pamọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí kò sá fún Àlùkùránì. Ó ń gbọ́ ọ. Ó dà bíi pé àmáánà kan, ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ̀, ló há sí i lọ́fun, ó sì ń wá ẹnu tí yóò gbà á sọ. Lọ bi àwọn tó nilé léèrè ohun tí wọ́n gbà tí wọn kò dá padà."

Ní ọjọ́ kejì, Qúdrát gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí Cheverly. Kò bá màmá jà. Ó gbé Humaira jókòó sórí rọ́ọ̀gì níwájú arúgbó náà nínú yàrá rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n jọ dúró de ọ̀sán. Màmá ń wo ojú fèrèsé. Ọ̀sán pọ́n. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ìbọ̀sẹ̀ ọmọ náà, ó ń tàn sórí rọ́ọ̀gì díẹ̀díẹ̀, láìsí ariwo, títí ó fi kan bàtà màmá.

Arúgbó náà fi ọwọ́ bojú. "Bí ti ẹ̀gbọ́n mi ṣe rí nìyí," ló wí. "Ó rí ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà, ó fi búrẹ́dì lọ̀ ọ́. Wọ́n sin ín kí ewé tó wọ́."

"Màmá, kí ni bàbá ńlá yín gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn yẹn?"

Arúgbó náà gbé ọwọ́ kúrò lójú. Ó tọ́ka sí àpótí. Qúdrát kó àwọn ìwé kúrò, odidi ayé Harwick tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, títí ó fi kan ìsàlẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ dà bí ìgbànú fífẹ̀, wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ hun ún, funfun àti elésè àlùkò, ìkarahun òkun ni wọ́n gé ṣe ìlẹ̀kẹ̀ náà. Nígbà tó gbé e, ó wúwo ju bí ó ti yẹ lọ. Ó sì tutù.

Nígbà náà ni màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti sọ fún un kí ó tó kú. Láàárín àwọn Ará Ilé Gígùn, ọ̀rọ̀ tí kò bá bá ìlẹ̀kẹ̀ rìn, afẹ́fẹ́ lásán ni. Ìgbànú yẹn lọ̀rọ̀. Obìnrin kan ló hun ún, abiyamọ tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ sí etí odò. Ó gbé e lé Harwick lọ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀, kí ó gbé e fún ọba rẹ̀, kí ó sì mú èsì bọ̀. Harwick bá wọn jẹun nínú àwo kan náà. Kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó dúró sínú odò, ó sì búra pé kí omi náà má ṣe gbẹ lẹ́sẹ̀ òun títí òun yóò fi jíṣẹ́. Kò jíṣẹ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti jẹ́ ẹ. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni òkèlè há sí i lọ́fun nídìí tábìlì, níwájú aya àti ọmọ, ó sì kú.

Ara Qúdrát bù máṣọ. Kò kàwé púpọ̀ nípa òyìnbó, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń di owó ẹyọ mọ́ okùn ránṣẹ́, tí wọ́n ń pè é ní àrokò. Ẹni tí wọ́n bá fi rán kò gbọdọ̀ sùn lé e. Èyí ti sùn nínú àpótí kí wọ́n tó bí ìyá ìyá màmá.

Ó ní àfi kí àwọn gbé e lọ fún àwọn tó ni ín. Arúgbó náà mi orí. Ó ní bí ìgbànú yẹn bá jáde, gbogbo ìwé inú àpótí ti di irọ́, orúkọ Harwick ti bàjẹ́, iṣẹ́ tí òun ṣe láti ìgbà èwe òun ti di asán.

Qúdrát kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ wọ inú omi tó wà lórí rọ́ọ̀gì. "Ẹ wò ó, màmá," ló wí. "Orúkọ ni tiyín. Ọmọ ni tèmi."

Arúgbó náà na ọwọ́, ó ní kí ó bá òun mú sìlípáàsì òun.

Ìdrís bá àwọn àgbààgbà Iroquois sọ̀rọ̀ lórí fóònù; ó ní nǹkan yín kan wà lọ́wọ́ wa. Ìrun Àsùbáà ni wọ́n kí, wọ́n sì mú ọ̀nà pọ̀n. Màmá jókòó síwájú pẹ̀lú Ìdrís. Qúdrát àti Humaira wà lẹ́yìn, ìgbànú ìlẹ̀kẹ̀ náà wà láàárín wọn nínú aṣọ funfun tó yẹ kí ọmọ fi ṣe wólímọ́tì. Àyè ẹnì kan ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tí wọ́n wọ àárín àwọn òkè, Ìdrís ń wo dígí tó fi ń rí ẹ̀yìn, kò sì wò ó mọ́ láti ìgbà náà. Qúdrát kò bi í ní ohun tó rí. Ó ń gbọ́ omi tó ń kán sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń ka Ayatù Kúrúsì lábẹ́ ahọ́n, kò sì yí ọrùn. Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ ká rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.

Ìyá àgbà kan ló dúró dè wọ́n nílé onígi kan létí odò, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ díẹ̀. Ó di irun rẹ̀ tó ti funfun ní ẹyọ kan, ohùn rẹ̀ kò ga. Qúdrát kúnlẹ̀ kí i, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìgbànú náà fún un. Ìyá àgbà náà kò gbà á.

"Ìlẹ̀kẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀, ìkarahun ni," ló wí. "Ta ni wọ́n fi rán? Kí ó sọ̀rọ̀."

Kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ náà. Harwick kò kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan. Qúdrát wo ọkọ rẹ̀, ó wo màmá. Ẹ̀rù tó mú un lọ́kàn kò ní orúkọ, torí ó mọ̀ pé bí wọn kò bá jẹ́ iṣẹ́ yẹn, òun yóò gbé òkú ọmọ padà sí Temple Hills. Humaira dìde. Ó rìn lọ síwájú, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ń fi ipa omi sílẹ̀ lórí pákó, ó sì fi ọwọ́ kan ìgbànú náà. Ó la ẹnu. Ohùn ọkùnrin ló jáde, ohùn tó ti gbẹ bí ewé, ó ń sọ èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́ rí. Ó sọ ọ́ pẹ́. Ọwọ́ ọmọ náà ń gba orí ìlẹ̀kẹ̀ lọ láti etí kan dé èkejì bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Àwọn tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo. Nígbà tó parí, ìyá àgbà náà gba ìgbànú, ó gbé e lé àyà.

"Abiyamọ náà ní: ẹ sọ fún ọba yín, ẹni tó pa ọmọ mi ni aṣojú yín ń dáàbò bò. Ọmọ mi wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ tí aṣojú náà fi ọgbà yí ká. Kí ó gbé ọgbà rẹ̀ kúrò lórí ọmọ mi."

"Mọ́mì," Humaira wí, ní ohùn ara rẹ̀. "Ebi ń pa mí."

Àlihamúdùlílà. Wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀, àgbàdo àti ẹ̀wà. Qúdrát rí i pé àwo márùn-ún ni wọ́n bù, ó sì sọ fún ìyá àgbà náà pé mẹ́rin ni àwọn. Ó dáhùn pé òun mọ iye ẹni tó wọlé. Qúdrát ṣe Bísímílà sókè, gbogbo ilé gbọ́. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, àwo karùn-ún mọ́ tónítóní.

Kí wọ́n tó lọ, ìyá àgbà náà mú màmá lọ sí etí odò. Kò bèèrè ilẹ̀, kò bèèrè ohun ìní. Ó ní kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn tó fẹ́ gba ìwé Harwick pé Harwick kò jẹ́ iṣẹ́ náà, àti pé ilẹ̀ náà kì í ṣe ọrẹ. Ìyẹn ni èsì tí wọ́n ń retí. Màmá ní òun yóò sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí ó búra. Bóyá ara ló tù ú, bóyá ó fẹ́ fi hàn pé òun kò jọ baba ńlá òun. Ó sọ̀kalẹ̀ sínú omi tòun ti sìlípáàsì rẹ̀, ó ní bí òun kò bá sọ ọ́, kí omi yìí má gbẹ lẹ́sẹ̀ òun. Qúdrát fẹ́ dá a dúró. Ó ti pẹ́ jù.

Humaira ṣe wólímọ́tì rẹ̀. Ó ké Àlùkùránì, mọ́sáláṣí dákẹ́ rọ́rọ́. Ewé wọ́, òtútù dé, ọmọ àbúrò bàbá màmá sì wá láti Boston pẹ̀lú àwọn ènìyàn ilé ìkàwé. Ní ọ̀sán, nínú yàrá ìjẹun, wọ́n bi màmá bóyá nǹkan kan wà tó fẹ́ fi kún àwọn ìwé náà kí wọ́n tó gbé wọn. Qúdrát dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tíì lọ́wọ́. Màmá wò ó. Ó wo àwọn àlejò, ó wo ìtàn tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ, tí wọ́n ti dì pọ̀ dáadáa. Ojú rẹ̀ dán bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Òtítọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀," ló wí, ó sì bu àkàrà òyìnbó sẹ́nu.

Kò lọ. Ó run ún, ó run ún. Ìka rẹ̀ méjì gòkè lọ sí gògóńgò. Qúdrát wo àga tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé, àga náà gbẹ, rọ́ọ̀gì abẹ́ rẹ̀ gbẹ. Lẹ́yìn náà ló wo ẹsẹ̀ màmá. Omi ń jáde lára sìlípáàsì rẹ̀.

Arúgbó náà kò tún sọ ọ̀rọ̀ kankan títí ó fi kú ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò dídì. Nígbà tí ó ṣì wà láyé, Qúdrát gbé bírò àti pépà sí i lọ́wọ́, kí ó kọ òtítọ́ náà kí ara lè tù ú. Ọwọ́ rẹ̀ kò mú un. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ṣèlérí pé òun yóò sọ. Qúdrát fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí ilé ìkàwé náà, wọ́n sì fún un lésì pé àwọn dúpẹ́, ṣùgbọ́n pé kì í ṣe ẹbí. Mo ń sọ èyí kí ẹni tó bá gba àmáánà lè ronú, torí Ọlọ́hun kì í sùn, omi kì í sì í gbàgbé.

Qúdrát kò pe ẹnikẹ́ni wá jẹun mọ́. Àwọn obìnrin mọ́sáláṣí ń pè é ní ahun, ó ń fi ẹ̀rín gbé e mì. Ní ọjọ́ Sátidé kan tí kò tíì pẹ́, òun àti Humaira ń jẹun ọ̀sán nílé, ní Temple Hills, oòrùn tàn wọ ilé. Ó ti ṣe Bísímílà. Ó gbọ́ nǹkan kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kì í ṣe bàtà líle. Ó fúyẹ́, ó ń fà, ó ń fún omi jáde ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìrìn tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ dáadáa, torí òun ló máa ń wọ sìlípáàsì yẹn fún màmá láràárọ̀.

Humaira gbójú sókè sí ẹnu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ rọ̀, bí ojú ọmọ tó rí arúgbó kan tó mọ̀. Ó gbé ṣíbí rẹ̀ sókè, ó sì la ẹnu láti sọ ohun tí ìyá rẹ̀ ti fi kọ́ ọ.

Qúdrát fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìrìn náà dúró. Kò padà. Ó ń dúró kí wọ́n pè é.